Sítíárìn Tó Ń Yọ̀: Ẹ Fi Nọ́ọ̀tì Rẹ́kì Sílẹ̀ Ná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá ẹnjiníà. Camry 1998 ni mo ń wà l'Abẹ́òkúta. Sítíárìn rẹ̀ ń yọ̀: mo ní láti yí i tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kí táyà tó gbọ́. Mẹkáníìkì mi fún nọ́ọ̀tì rẹ́kì, ó dáa díẹ̀, ó tún padà. Ní báyìí, bí mo bá ya kọ́nà tán, sítíárìn kì í dá padà fúnra rẹ̀ mọ́. Ó ní òun máa fún un sí i. Àbí kí n kàn tú sítíárìn, kí n fún nọ́ọ̀tì àárín rẹ̀ fúnra mi?

Ìdáhùn: Rárá sí méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti nọ́ọ̀tì àárín kúrò nílẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ló tú, sítíárìn fúnra rẹ̀ ni ì bá máa mì lórí ọ̀pá rẹ̀. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Èébàgì sì wà níbi tí ẹ ti ń tẹ họ́ọ̀nù yẹn. Ẹni tí kò bá tú orí bátìrì, kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 90 ó kéré tán, ojú ara rẹ̀ ló ń fi ṣeré. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ó wá ku rẹ́kì. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ: "Ó ti yọ̀ ni, ẹ jẹ́ ká fún un." Rẹ́kì ni ọ̀pá irin eléyín tó wà ní ìbú láàárín táyà iwájú méjèèjì. Bí ẹ bá yí sítíárìn, jíà kékeré kan á máa yí lórí eyín yẹn, rẹ́kì á sì sún sọ́tùn-ún tàbí sósì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀tì yẹn ń ṣe: ó ń ti rẹ́kì mọ́ jíà. Kò dé táìrọ́dù, ìyẹn ọ̀pá tó so rẹ́kì mọ́ táyà, kò dé bùṣì rọ́bà tó di rẹ́kì mú, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ tó ti pẹ́ báyìí ti sábà máa ń yọ̀. Ẹni tó ń fún nọ́ọ̀tì rẹ́kì nítorí táìrọ́dù tó ti jẹ, bẹ́líìtì ló ń fún mọ́dìí nítorí pé bàtà rẹ̀ tóbi.

Ká tiẹ̀ ní rẹ́kì ló jẹ lóòótọ́. Ọ̀nà tààrà lọkọ̀ ń rìn jù, nítorí náà eyín àárín ló máa ń jẹ; ti ìkángun méjèèjì á ṣì wà bó ṣe wà. Bí wọ́n bá fún nọ́ọ̀tì títí àárín fi dì, tí ẹ bá wá yí sítíárìn lọ jìnnà, eyín tí kò tíì jẹ á há mọ́ jíà. Ó jọ pé ìdí nìyẹn tí sítíárìn yín kò fi dá padà mọ́. Ìtọ́jú ọ̀hún ló dá àìsàn kejì sílẹ̀. Kó tún fún un, ó lè há mọ́ yín lọ́wọ́ lójú kọ́nà.

Àwọn kan ò tiẹ̀ mọ sórí nọ́ọ̀tì. Wọ́n á fi òòlù lu orí táìrọ́dù kó lè fún, tàbí kí wọ́n gbé e lọ fún ajórin. Ìwà ìkà ni mo pe ìyẹn. Bó bá já lórí eré, táyà kan á gba ọ̀nà tiẹ̀, ẹ ò sì ní lè darí ọkọ̀ bó ṣe yẹ mọ́.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò kò gba owó. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan máa yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Kí mẹkáníìkì wo abẹ́ iwájú, kó sì ṣọ́ra fún fáànù. Ibi tí ọ̀pá kan ti ń sún tí èyí tó so mọ́ ọn kò tíì sún, ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Bó bá jẹ́ odindi rẹ́kì ló ń sún, bùṣì rọ́bà tó dè é mọ́ ara ọkọ̀ ló ti lọ. Kó má gbàgbé oríkèé tó wà lára ọ̀pá tó ti ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ awakọ̀ wá bá rẹ́kì. Wọn kì í sábà wò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi jáàkì gbé táyà, ẹ ki sítáǹdì bọ abẹ́ ọkọ̀. Jáàkì nìkan ti tẹ èèyàn pa. Ẹ di táyà mú lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ mì í: bó bá yọ̀, táìrọ́dù tàbí rẹ́kì-ẹ́ńdì (oríkèé tó so táìrọ́dù mọ́ rẹ́kì) ni. Ẹ di òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ mì í: bó bá yọ̀, bíárìn táyà tàbí bọ́ọ̀lù-jọ́íǹtì (oríkèé rìbìtì tó di ẹsẹ̀ táyà mú) ni.

Yíyọ̀ tí kò ju milimítà 30 lọ létí sítíárìn ni Toyota fàyè gbà. Àtẹ́lẹwọ́ yín ti ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá ń lọ sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó, ẹ mú èyí tó jẹ dání, tuntun ni kí ẹ sì rà. Tòkúnbọ̀ náà ti jẹ tiẹ̀ níbi tó ti ń bọ̀. Kí wọ́n má fi wáyà dípò kọ́tápìnnì, irin tín-ín-rín tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì táìrọ́dù tú, o. Bí wọ́n bá dè é tán, ó di dandan kí ẹ ṣe aláyínmẹ́ǹtì, ìyẹn títún táyà tò kó lè dúró tààrà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ táyà á jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èmi ò rí ọkọ̀ yín o. Ohun tí ẹ kọ ni mo fi sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá yẹ gbogbo èyí wò tí kò sí èyí tó yọ̀, ìgbà yẹn ni ká tó dárúkọ rẹ́kì, kí wọ́n sì tú u sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ní báyìí ná, kí mẹkáníìkì dá nọ́ọ̀tì padà sí bó ṣe bá a, kí ẹ má sì gbé Camry yẹn gba ọ̀nà Èkó títí wọ́n á fi ṣe é.