Ọmọ tó fẹ́ ṣe sójà Nẹ́dálándì lábẹ́ ọ̀gá Jámánì

Àǹtí, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ ní ọmọ yín ọkùnrin fẹ́ wọṣẹ́ sójà ní Nẹ́dálándì, ẹnì kan wá sọ fún yín pé wọ́n ti kó gbogbo ọmọ ogun ilẹ̀ náà fún Jámánì, pé Jámánì ni yóò máa pàṣẹ ibi tó máa lọ jagun. Mo wọ aṣọ sójà Nẹ́dálándì yẹn fún ọdún púpọ̀, inú tánkì ogun nílẹ̀ Jámánì ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ gbọ́ nǹkan kan, kò kàn gbọ́ ọ tán ni.

Òótọ́ ni pé bìrìgéèdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá, tí Nẹ́dálándì fi ń jà lórí ilẹ̀ ti wà lábẹ́ dífíṣọ̀n Jámánì, ẹgbẹ́ tó tóbi ju bìrìgéèdì lọ. Bìrìgéèdì 11 ló kọ́kọ́ lọ ní 2014, 43 tó wà ní Havelte tẹ̀lé e ní 2016, 13 ti Oirschot sì kẹ́yìn ní 2023. Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Láti 1995 ni wọ́n ti jọ ní olú-iléeṣẹ́ ogun kan ní Münster, tí ọ̀gágun Jámánì àti ti Nẹ́dálándì ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn.

Ṣùgbọ́n àṣẹ pé kí sójà lọ sójú ogun ò kúrò nílé. Dífíṣọ̀n tó ń darí àwọn ará Havelte, Oldenburg nílẹ̀ Jámánì ló wà. Bí ọ̀gá ibẹ̀ bá fẹ́ kó wọn lọ síbì kan, ìjọba Nẹ́dálándì ní The Hague ló máa sọ pé kí wọ́n lọ tàbí kí wọ́n má lọ, wọ́n á sì kọ ọ́ sí ilé aṣòfin wọn. Jámánì náà, bí Bundestag, ilé aṣòfin wọn, ò bá dìbò sí i, sójà wọn ò lè lọ jà lẹ́yìn odi. Bí ilé kan bá wá gbà tí èkejì kọ̀ ńkọ́? Ìbéèrè tá a máa ń bi ara wa ní bárékè nìyẹn, mi ò sì rí ọ̀gá kan tó dáhùn ẹ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Kì í ṣe ìfẹ́ ló so wọ́n pọ̀, àìní ni. Ní 2011, nígbà tí wọ́n ń gé owó ogun kù, Nẹ́dálándì pa ẹ̀ka tánkì rẹ̀ rẹ́ pátápátá, ó sì ta ọgọ́rùn-ún Leopard 2, tánkì tí Jámánì ń ṣe, fún Finland ní 2014. Ìgbà tí Rọ́ṣíà gba Crimea lọ́wọ́ Ukraine ni ojú wọn là. Jámánì ní tánkì, kò ní èèyàn tó. Bí bàtálíọ̀nù 414, ẹgbẹ́ tánkì Jámánì ní Lohheide, ṣe di àjọṣe nìyẹn: Nẹ́dálándì háyà tánkì Leopard méjìdínlógún, ó sì kó bí ọgọ́rùn-ún sójà rẹ̀ síbẹ̀. Ní 2025 ni wọ́n tó ra 46 tiwọn.

Ohun tí ọmọ yín máa bá níbẹ̀ ni kí n sọ. Èèyàn mẹ́rin ló ń wà nínú Leopard: ọ̀gá, awakọ̀, ẹni tó ń yìnbọn, àti ẹni tó ń ki ọta. Ọta kíkì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọta kan wúwo tó ogún kílò, apá lèèyàn fi ń gbé e, nínú àyè tí ìgbọ̀nwọ́ ò ti ráyè nà, tí ọkọ̀ sì ń fò lórí gegele. Tí ìbọn bá ti dún, ìdí ọta nìkan ló máa ń kù, irin pẹlẹbẹ gbígbóná tó máa já sínú àpò lẹ́yìn ìbọn. Gbogbo èyí, èdè Jámánì la fi ń ṣe é. Jámánì tí wọ́n kọ́ mi ní kíláàsì mọ́ tónítóní. Èyí tó ń wọlé látinú ẹ̀rọ etí, pẹ̀lú ariwo ẹ́ńjìnnì, láti ẹnu ẹni tó wá láti Bavaria ní gúúsù Jámánì, ọ̀tọ̀ ni. Bó o bá ní kó tún un sọ, ó ti pẹ́ jù.

Ìwà wọn ò sì jọra. Sójà Jámánì máa ń ṣe sí ọ̀gá bí àwa Yorùbá ṣe ń ṣe sí àgbà. Sójà Nẹ́dálándì á kọ́kọ́ béèrè ìdí. Ní 1966 ni àwọn tí òfin mú wọṣẹ́ sójà níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, irun gígùn pàápàá, wọ́n jà fún un. Ọmọ tó bá dàgbà sí Amsterdam, ẹ tètè bá a sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Oúnjẹ ńkọ́? Àwọn ará Nẹ́dálándì á jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì lọ́sàn-án, oúnjẹ gbígbóná lálẹ́. Jámánì, òdìkejì ni. Èmi máa ń bá Jámánì jẹun lọ́sàn-án, màá tún dá iná tèmi lálẹ́.

Kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Jámánì nísinsìnyí, kó sì béèrè bìrìgéèdì tí wọ́n máa fi í sí kó tó fọwọ́ síwèé. Ẹ ò sì sọ bóyá ó ti ní páásípọ́ọ̀tù Nẹ́dálándì, torí láìsí ìyẹn, wọn ò ní gbà á rárá.