Ṣé dandan ni kí n fọkàn tán ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ìsoríkọ́ mi?

Ó ṣe pàtàkì gan-an. Lọ́dún 1979, Edward Bordin, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ohun mẹ́ta tó ń so olùtọ́jú àti aláìsàn pọ̀: kí wọ́n fẹnu kò lórí ibi tí wọ́n ń lọ, àti lórí iṣẹ́ tó máa gbé wọn débẹ̀, kí wọ́n sì fọkàn tán ara wọn. Àkójọ ìwádìí 295 tó jáde ní 2018 fi hàn pé níbi tí àjọṣe yìí bá ti dán mọ́rán, ìtọ́jú sábà máa ń yọrí sí rere.

Olùtọ́jú kì í ṣe ọ̀rẹ́ o. Kò gbọdọ̀ kó ìṣòro tiẹ̀ lé yín lórí, ó sì gbọ́dọ̀ pa àṣírí yín mọ́, àyàfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dùn yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn pa ibẹ̀ tì. Ẹ sọ ọ́ lójúkojú: "Ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá dùn mí." Ìsoríkọ́ a máa mú kéèyàn gbà pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́ òun yé. Tí olùtọ́jú bá gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ láìbínú, tó sì ṣàtúnṣe, èrò yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ṣe ló ń dá yín lẹ́bi ṣáá, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ̀tọ́ yín ni.