Ṣé ó dáa kí a máa mu òróró tùràrí nítorí orúnkún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, apòògùn wa. Orúnkún ń da màmá mi láàmú. Ẹnì kan ta òróró tùràrí fún wọn nínú ìgò kékeré, ó ní kí wọ́n máa kán an lẹ́ẹ̀mẹ́ta sínú omi gbígbóná, kí wọ́n máa mu ún láràárọ̀. Ó ní tùràrí inú Bíbélì náà ni, kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí màmá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má mu ún.

Ní ti Bíbélì, ẹni tó tà á kò purọ́. Oje igi Boswellia ni tùràrí, igi tó ń hù lórí ilẹ̀ gbígbẹ olókùúta ní Oman, Yemen, Sòmálíà àti Etiópíà. Ẹ̀yà rẹ̀ kan wà ní Íńdíà. Wọ́n á fi ọ̀bẹ ha èèpo igi náà, oje funfun á sun jáde, wọ́n á fi í sílẹ̀ títí yóò fi gan, kí wọ́n tó há a kúrò. Òwò yìí lókìkí ní Dhofar, ní Oman, láyé àtijọ́ débi pé UNESCO ka àwọn ibùdó rẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2000.

Àmọ́ oje lọ́tọ̀, òróró lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ òróró, wọ́n á jẹ́ kí ooru omi gba inú oje náà kọjá, ohun tó bá fúyẹ́ á bá ooru lọ, wọ́n á wá mú un tutù kó di olómi. Alpha-pinene àti limonene, tó ń ta sánsán, wà lára ohun tó ń bá ooru lọ. Boswellic acid, èyí tí àwọn olùwádìí ń tọpa nítorí ara wíwú, wúwo ju pinene lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Inú ìkòkò ló ń kù sí. Oje ti Íńdíà tí wọ́n sọ di oògùn oníhóró ni wọ́n fi ṣe ìwádìí orúnkún tí àwọn ọlọ́jà ń pariwo. Ìrora àwọn kan dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fi dán an wò kò pọ̀. (Bí ẹ bá rí ìgò òróró tí wọ́n kọ ọ́ sí pé boswellic acid kún inú rẹ̀, ẹ dá a padà sórí àtẹ.)

Kí màmá má kàn da ìgò náà nù. Ẹ kán an lẹ́ẹ̀méjìlá sínú òróró ólífì tó tó mìlílítà 30, kí ẹ máa fi wọ́ orúnkún wọn. Wíwọ́ náà fúnra rẹ̀ ń tuni lára. N kò lè sọ pé tùràrí ló ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa wọ́n nínú apá, kí ẹ wò ó di ọjọ́ kejì. Kó má kan ojú tàbí egbò. Ẹ dé ìgò náà pa, kó wà níbi tó tutù, torí èyí tí afẹ́fẹ́ ti bà jẹ́ máa ń mú kí awọ ara yún.

Bí màmá bá ń lo warfarin, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà kí wọ́n tó fẹnu kan oníhóró náà pàápàá. Bí orúnkún bá wú, tó pọ́n, tó sì ń gbóná, tí ibà tẹ̀ lé e, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.