Táyé ń kà á bí orin, Kẹ́yìndé ń ka ìka

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbejì ni mo bí, kíláàsì kẹta ni wọ́n wà ní praimárì, ní Nyanya l'Ábújá níbí. Táyé, èyí obìnrin, máa ń ka táímùsì tébù láti 2 dé 12, kì í kọsẹ̀ rárá. Kẹ́yìndé ní tirẹ̀, bí ẹ bá bi í ní 6 lọ́nà 4, abẹ́ tábìlì lọwọ́ rẹ̀ máa wọ̀, ó ń ka ìka. Bẹ́líìtì ni bàbá wọn máa ń yọ, á ní ṣé kò rí èkejì rẹ̀ ni. Wuse ni mo ti ń ṣiṣẹ́; kí ọkọ̀ tó já wa sílẹ̀ nínú go-slow alẹ́, aago méje ti kọjá. Ṣé kí n wá tísà tí á máa kọ́ ọ nílé ni, àbí ohun kan wà tí èmi náà lè ṣe pẹ̀lú ìwọ̀nba àyè tí mo ní?
Ìyá Ìbejì, Nyanya

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Èjìrẹ́ á dàgbà lójú yín, ẹ ó jẹun ọmọ.

Kí ẹ tó dá Kẹ́yìndé lẹ́bi, ẹ pe Táyé lóun nìkan, kí ẹ bi í pé 7 lọ́nà 8, mélòó ni? Ẹ wo ètè rẹ̀ dáadáa. Bó bá ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ láti 7 lọ́nà 1 bọ̀, a jẹ́ pé orin ló mọ̀. Irú wọn pọ̀ lára àwọn tí mo kọ́ ní Kubwa kí n tó fẹ̀yìn tì: wọ́n á kà á dópin, ṣùgbọ́n tí o bá já a mọ́ wọn lẹ́nu láàárín, wọ́n á dà bí ọmọ tó sọnù sọ́jà. Kẹ́yìndé tó ń ka ìka, ó mọ̀ pé 6 lọ́nà 4 ni 6 tí a kó jọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ohun tó kù fún un ni pé kó yé bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Àwọn méjèèjì ló nílò ìrànlọ́wọ́ yín, Ìyá Ìbejì.

Ẹ kọ́kọ́ dín ẹrù náà kù. Láti 1 dé 12, 144 ni gbogbo rẹ̀, ó sì ń ba ọmọ lẹ́rù. Ṣùgbọ́n 3 lọ́nà 8 àti 8 lọ́nà 3, ọ̀kan náà ni, torí náà 78 péré ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá yọ ti 1, 2, 5 àti 10 kúrò, tí kì í sábà ni ọmọ lára, 36 ló kù. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, kí ọmọ fi báírò fagi lé èyí tó bá ti mọ̀. Wọ́n fẹ́ràn àtimáa fagi lé nǹkan, ẹ ó rí i.

Nínú èyí tó kù, mẹ́ta ni kí ẹ mú lọ́sẹ̀ kan. Ẹ gé páálí Indomie wẹ́wẹ́, ìbéèrè lójú kan, ìdáhùn lẹ́yìn. Ẹ da mẹ́ta tuntun yìí pọ̀ mọ́ mélòó kan tí wọ́n ti mọ̀, kí ẹ rú wọn pọ̀ kó má baà di orin. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn sáré o! Ìbejì tí wọ́n bá ń fi ọ̀kan gún èkejì lójú, ìṣirò kọ́ ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́ láàárín wọn.

Fún Kẹ́yìndé, ẹ wá kirétì ẹyin, kódà kó jẹ́ òfìfo. Ihò mẹ́fà mẹ́fà ní ìlà márùn-ún, 30 ni. Ẹ fi ọwọ́ bo ìlà kan. Mélòó ló kù? 24: 6 lọ́nà 4 tó ń dà á láàmú rèé. Ẹ ṣí ọwọ́, kí ẹ wá yí kirétì náà, kó di ihò márùn-ún márùn-ún ní ìlà mẹ́fà, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ ohun tó rí. Bí ọpọ́n ayò bá wà nílé, ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin. Ẹni tó bá ń ta ayò kò ní gbàgbé pé 4 lọ́nà 12 jẹ́ 48.

Lẹ́yìn ìyẹn, kó máa fi èyí tó mọ̀ wá èyí tí kò mọ̀. 5 lọ́nà 7 jẹ́ 35. Ẹ fi 7 kan lé e, 6 lọ́nà 7 dé, 42. Fún 9 lọ́nà 7, kó gba ti 10 kọjá: 10 lọ́nà 7 jẹ́ 70, yọ 7, ó ku 63. Ẹ tún wo 63 yẹn: 6 àti 3 jẹ́ 9. Bẹ́ẹ̀ náà ni 18, 27, 36, títí dé 90. Èyí á dùn mọ́ Táyé nínú.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó, kó má sì jẹ́ alẹ́, torí ó ti rẹ̀ yín, oorun sì ti ń kun àwọn náà. Àárọ̀ dáa, bí ẹ bá ń dúró de kẹ̀kẹ́. Ní Sátidé, tí ẹ bá fẹ́ ra mudu ẹ̀wà mẹ́ta lọ́jà (mudu ni abọ́ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n), kí Kẹ́yìndé sọ iye owó rẹ̀ kí ẹni tó ń tà á tó sọ ọ́. Bó bá fi Hausa kà á bíi tàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Yorùbá ni kí ẹ fi ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ẹ máa fi Gẹ̀ẹ́sì bi í nígbà míì, òun ni wọ́n máa fi bi í ní ilé-ìwé.

Ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì, ẹ fẹ̀sọ̀ bá Bàbá Ìbejì sọ ọ́ nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Ọmọ tí àyà rẹ̀ ń já, èyí tó mọ̀ gan-an á fò lọ lórí rẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn ni kí ẹ fún bàbá: kí àwọn ọmọ máa fi páálí yẹn bi í ní ìbéèrè, kí wọ́n máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó gbà á. 12 lọ́nà 8 lè gbé bàbá náà ṣubú o.

Ẹ má tíì san owó tísà kankan. Ẹ ṣe èyí fún táàmù kan ná. Bí kò bá sí ìyípadà, ẹ lọ rí tísà kíláàsì rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ojú àti etí Kẹ́yìndé wò. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo, tó jẹ́ pé pátákó ni kò rí láti ẹ̀yìn kíláàsì tó ń jókòó sí.