Bi Bọ̀dá Káfíńtà: Ṣọ́tà wo ni kí n gbé sí wíńdò mi?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Láti ìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ kọ́tìnì níbí ni lẹ́tà ṣọ́tà ti ń rọ́ wọlé, ìyẹn plantation shutters, àwọn pánẹ́ẹ̀lì tó ní abẹ́ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bíi lúfà tí ẹ lè ṣí, tí ẹ lè tì. Mẹ́ta ni mo mú.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Plumstead la ń gbé ní London níbí, ilé àtijọ́ tó ní bay window níwájú, ìyẹn wíńdò tó yọ síta lára ògiri, ojú títì gan-an ló kọjú sí, gbogbo ẹni tó ń lọ wọ bọ́ọ̀sì ló ń rí ohun tá à ń jẹ. Ọkùnrin kan wá wọn wíńdò, ó ní tí mo bá sanwó lónìí òun á yọ ìdajì kúrò, tó bá dọ̀la kò sí mọ́. MDF ló ní kí n fi sí gbogbo ilé. Ọkọ mi ní kí n lọ ra kọ́tìnì jàre. Àwọn ìbejì mi kì í sì í sùn tí ìmọ́lẹ̀ bá ń wọlé. Ẹ gbà mí. (Ìyá Ìbejì, Plumstead)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹ̀dínwó tó ní òun á kú lálẹ́ òní, á jíǹde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ti rí i bẹ́ẹ̀ rí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ìdí tí mo fi ń pariwo ni pé nǹkan tí ẹ bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lọ́wọ́ ẹni tó wá bá yín nílé, òfin UK ti 2013 fún yín ní ọjọ́ 14 láti ní ẹ ò ṣe mọ́, ṣùgbọ́n òfin yẹn náà ló yọ nǹkan tí wọ́n bá dìídì ṣe ní ìwọ̀n yín sílẹ̀, ṣọ́tà sì rèé, wíńdò yín nìkan ló bá mu, ta ló fẹ́ rà á lọ́wọ́ wọn? Tó bá dé tó bàjẹ́ tàbí tí kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe, ìyẹn yàtọ̀, ẹ lẹ́tọ̀ọ́. Àmọ́ "kò wù mí mọ́" kì í ṣe ẹjọ́ níbí.

MDF fúnra rẹ̀ ò burú, igi tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ni, ọ̀dà máa ń jókòó dáadáa lára ẹ̀, owó ẹ̀ sì rọjú. Ó kàn wúwo ni, omi sì ni ọ̀tá ẹ̀, tí omi bá wọ ibi tí ọ̀dà ti bó, á wú bíi búrẹ́dì nínú tíì. Torí náà pálọ̀, ó dáa. "Gbogbo ilé" tó sọ yẹn ni mi ò gbà. Fún bay window yín, tí owó bá wà, igi gidi tó fúyẹ́ bíi basswood tàbí paulownia ni mo fẹ́ràn jù, torí pánẹ́ẹ̀lì tó wúwo máa ń fa híńjì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó bá di ọdún mẹ́ta ẹ̀ ń tì í, kò tì mọ́.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ wá. Ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa rí lọ́jà ni 47mm, 63 tàbí 64, 76, 89 àti 114. Àwọn èèyàn fẹ́ràn 89 torí pé ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé gan-an, ó sì rọrùn láti nù, ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ọwọ́ wíńdò yín ná. Tẹ́ ẹ bá ṣí abẹ́ 89 tó dùbúlẹ̀ gbalaja, ìdajì ẹ̀ á yọ sẹ́yìn láti àárín pánẹ́ẹ̀lì, nǹkan bíi 45mm, tí ọwọ́ wíńdò bá wà ní ọ̀nà yẹn ló ń gbá a kọ́ọ̀ kọ́ọ̀ nìyẹn títí ọ̀dà á fi bó. Bay window àtijọ́ sábà máa ń ní ẹ̀gbẹ́ tó tín-ín-rín, èmi á mú 63 tàbí 76.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ṣe café style, ìyẹn ìsàlẹ̀ nìkan, òkè ṣófo. Ó dín owó kù lóòótọ́. Àmọ́ títì yín yẹn, ṣé bọ́ọ̀sì alájà méjì ń gbabẹ̀? Lálẹ́ tí iná bá wà ní pálọ̀, ẹni tó jókòó lókè bọ́ọ̀sì á máa wo ọbẹ̀ yín bí ẹni wo tíìfí. Tier-on-tier ni kẹ́ ẹ béèrè, ìyẹn òkè lọ́tọ̀ ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ ti ìsàlẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ ṣí òkè kí oòrùn wọlé, tó bá dalẹ́ ẹ ti méjèèjì.

Ti àwọn ìbejì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé ṣọ́tà á sọ yàrá di òkùnkùn biribiri. Kò lè ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ á máa gba àárín abẹ́ àti etí fírémù wọlé, oòrùn June ní London sì rèé, ó ń yọ kí aago márùn-ún ìdájí tó lù. Ọkọ yín ò jẹ̀bi tán o, yàrá àwọn ọmọ ni kọ́tìnì rẹ̀ wúlò, èyí tó nípọn, ẹ ta á lé ṣọ́tà lórí. Ohun tí mo fẹ́ràn fún ilé ọlọ́mọ ni pé ṣọ́tà kò ní okùn kankan tó lè kọ́ ọmọ lọ́rùn bíi ti búláìndì àtijọ́.

Ẹ má wọn ọ́n fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á wọn ọ́n, kó kọ ọ́ sílẹ̀, tó bá ṣì í, ọrùn tiẹ̀ ló wà. Ilé àkọ́kọ́ tí mo rà, èmi ọ̀gá káfíńtà, mo wọn ìsàlẹ̀ wíńdò nìkan, mo fò sí ṣọ́ọ̀bù. Ògiri àtijọ́ kì í dúró ṣánṣán, òkè fi 11mm kéré sí ìsàlẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì ò wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òkè, àárín, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń wọn, wọ́n á sì lo èyí tó kéré jù.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, balùwẹ̀ ńkọ́? Manchester ni mo wà, ṣáwà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò gan-an.

Ìdáhùn: Rọ́bà, ìyẹn PVC. Ẹ má ronú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Híńjì ẹ̀ kó jẹ́ èyí tí kì í dógùn-ún, ẹ sì máa ṣí abẹ́ láràárọ̀ kí omi tó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì lè gbẹ.

Ìbéèrè: Bọ̀dá Káfíńtà, mo ń kọ́lé sí Akóbọ̀ ní Ìbàdàn. Mo rí ṣọ́tà yìí nílé àbúrò mi ní Kent, ó wù mí, àmọ́ àwọn ará ilé ní nǹkan òyìnbó ni. Kí n gbé e wá láti ọ̀hún ni àbí kí káfíńtà ṣe é níbí? Ìyàwó mi tún ní nǹkan tó ń jẹ́ plantation ò ní wọ ilé òun. (Onílé Tuntun)

Ìdáhùn: Nǹkan òyìnbó kẹ̀? Ẹ lọ wo ìwọ̀nba ilé Àgùdà tó kù ní Pópó Àgùdà, ní Lagos Island. Àwọn Àgùdà yìí, ìyẹn àwọn tó kúrò lóko ẹrú ní Brazil àti Cuba tí wọ́n padà wálé ní nǹkan bí ọdún 1800 sí 1900, káfíńtà àti bíríkìlà pọ̀ nínú wọn, fèrèsé onígi abẹ́ pẹlẹbẹ yìí sì wà lára ilé wọn kí lúfà onígíláàsì tó gbòde. Ti ìyàwó yín, mi ò ní bá wọn jiyàn, ilé àwọn olóko ńlá ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà (USA), níbi tí wọ́n ti ń fi ẹrú ṣiṣẹ́, ni orúkọ yẹn ti wá. Ẹ máa pè é ní fèrèsé Àgùdà, ó tán.

Ẹ má gbé e wá láti Kent. Pàápàá MDF, òjò July kan á bá a wí. Káfíńtà tó mọṣẹ́ ní Ìbàdàn níbẹ̀ á ṣe é, kó lo ìdígbó tàbí ọganwó. Ìrókò lágbára, ikán kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́, àmọ́ ó wúwo fún pánẹ́ẹ̀lì ńlá. Ju gbogbo ẹ̀ lọ, kí igi gbẹ, torí igi tútù tí wọ́n là lánàá á ká bíi ewé nígbà ọyẹ́, abẹ́ ò ní yí mọ́. Abẹ́ fífẹ̀ ni kẹ́ ẹ ní kó gé, 89 sókè, torí eruku, abẹ́ tó bá kéré níye lẹ máa nù láìbú èébú.

Tí irin bọ́gúlárì ò bá tíì dí ọ̀nà, ìta ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kì í ṣe inú. Ní Kent inú ló ń wà torí òtútù, ṣùgbọ́n tiwa, oòrùn tó bá ti kọjá gíláàsì, ooru ti wọlé tán, ṣọ́tà inú kàn ń gbà á mọ́ra ni. Tẹ́ ẹ ò bá sì tíì ra wíńdò, ẹ yẹra fún sliding, ìdajì péré ló ń ṣí, èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn ló máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba àárín abẹ́ wọlé nígbà tí iná bá lọ. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn á wà nínú.

Ẹ jọ̀ọ́, nínú fọ́tò tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ìlà amọ̀ tó ń gun ògiri lápá òsì fèrèsé pálọ̀ yẹn, ipa ikán ni. Ẹ pe àwọn tó ń fín in kí káfíńtà tó gbé igi dé.