Ilẹ̀ Ti Ń Tètè Ṣú: Kí Ni Kí N Máa Fi Àwọn Ọmọ Mi Ṣe Lásìkò Ìwọ́wé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì wa. Ìbàdàn ni a ti wá, Manchester ni a ń gbé. Oṣù Kẹta ọdún yìí ni èmi àti àwọn ọmọ wá bá bàbá wọn. Èyí obìnrin ti pé ọdún mẹ́rin, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Reception, kíláàsì tí ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé níbí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Nígbà tí oòrùn ń ràn, páàkì ni a máa ń wà. Ní báyìí ewé ti ń wọ́, òjò ò dá, ilẹ̀ sì ń tètè ṣú. Bàbá wọn ní kí n má gbé wọn jáde mọ́ kí òtútù má baà mú wọn. Inú ilé ni wọ́n wà tí wọ́n ń bára wọn jà, tẹlifíṣọ̀n ni mo fi ń pẹ̀tù sí i. Ilé-ìwé náà ò yé kọ létà: kí a mú oúnjẹ inú agolo wá fún Harvest, kí ọmọ wọ aṣọ Halloween, ọjọ́ tí àwọn ọmọ ibí máa ń múra bí iwin, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ò fara mọ́ ìyẹn. Wọ́n tún ní aago máa yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń fi ọmọ kékeré ṣe níbí lásìkò yìí? Èwo ni kí n mú, èwo ni kí n fi sílẹ̀? (Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, Manchester)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Health visitor ni mí, ilé àwọn tó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni mo máa ń lọ. Bí Oṣù Kẹwàá bá ti dé, irú ìbéèrè yín yìí ni àwọn ìyá tó ti ilé wá máa ń bi mí jù. Èsì mi ò pọ̀: ẹ fi ọ̀sán fún ìta, ẹ fi alẹ́ fún ilé. Ọmọ tó bá ti ṣeré níta lọ́sàn-án, tí alẹ́ rẹ̀ sì ní ètò tó mọ̀ dunjú, òkùnkùn tó ń tètè dé yìí ò ní dà á láàmú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá bàbá wọn lóhùn, torí ìfẹ́ ló mú un sọ̀rọ̀. Òtútù fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń fa ọ̀fìnkìn, fáírọ́ọ̀sì ni. Láti ara ọmọ kan ló ti ń bọ́ sára òmíràn, inú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa ni ó sì ti máa ń rí ọmọ mú jù. Ọmọ kékeré lè ní ọ̀fìnkìn mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún kan, NHS, àjọ ìlera ìjọba níbí, ò sì ka ìyẹn sí àìsàn àrà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin nílò kí ó máa sáré, kí ó máa fò, kí ó máa gun nǹkan fún wákàtí mẹ́ta, ká pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, lójúmọ́. Kò sí páálọ̀ flat tó gba ìyẹn. Ìjà tí wọ́n ń jà yẹn, agbára tí wọn ò rí ibi lò ni.

Aṣọ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwa Yorùbá, tí òtútù bá ti ń fẹ́, a máa ń di ọmọ bí ẹrù. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta dára ju ńlá kan lọ: síńgílẹ́ẹ̀tì tó fara mọ́ra, súwẹ́tà lé e, kí jákẹ́ẹ̀tì tí omi kì í wọ̀ wá bò ó. Ẹ fi fìlà sí i, àti bàtà òjò pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ náà tó, ẹ má wo ọwọ́ ọmọ, torí ọwọ́ ọmọ máa ń tutù ṣáá ni. Ẹ ti ìka méjì bọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá lọ́wọ́ọ́wọ́ tí ó sì gbẹ, ó ti tó. Bí ó bá ti làágùn, ẹ bọ́ ọ̀kan kúrò. Lálẹ́ náà, yàrá tó wà ní 16 sí 20°C ti tó fún oorun ọmọ kékeré. Kò sídìí láti tan híítà títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Bí ẹ bá ní mọ́tò, ẹ dákun, ẹ má di ọmọ mọ́ ìjókòó rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù tó wú. Ẹ dán an wò nílé: ẹ wọ kóòtù fún un, ẹ di bẹ́líìtì rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń dì í, lẹ́yìn náà ẹ tú u, ẹ bọ́ kóòtù, kí ẹ sì tún dì í láìfa bẹ́líìtì náà. Ẹ ó rí àlàfo tó máa wà láàárín bẹ́líìtì àti àyà ọmọ. Àlàfo yẹn ni ara ọmọ máa bá já síwájú bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Ẹ dì í láìsí kóòtù, kí ẹ wá fi kóòtù bò ó láti iwájú.

Ó ku ohun tí wọ́n máa ṣe níta. Bí ẹ bá ti gba ẹ̀gbọ́n ní ilé-ìwé, ẹ má darí sílé tààrà, ẹ gba páàkì kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní báàgì, kí wọ́n máa ṣa ewé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àwọ̀ pín in ní Yorùbá: èyí tó pọ́n fòò, èyí tó pọ́n rúsúrúsú, èyí tó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ kí ọmọ Reception máa sọ “rúsúrúsú” nínú páàkì ní Manchester, torí ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ ọmọ bá bá pàdé kì í tètè sọnù lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ó tún rí èso kan tó ń jábọ́, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ tutù ó sì ní ẹ̀gún. Bí ó bá là, kóró tó ń dán ni ẹ máa bá nínú rẹ̀. Conker ni. Àwọn ọmọ ibí máa ń lu ihò sí i, wọ́n á fi okùn kọ́ ọ, wọ́n á sì máa fi ti ẹnì kan gbá ti ẹnì kejì títí ọ̀kan á fi fọ́. Eré tó dáa ni fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n májèlé ni tí èèyàn bá jẹ ẹ́. Èso kan wà tó jọ ọ́ tí wọ́n ń sun jẹ, èyí tó bá wà nílẹ̀ páàkì ni kí ẹ má jẹ́ kó kan ẹnu àbúrò. Olú tó bá hù sílẹ̀ náà, ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ́ sí alẹ́, ibi tí ọkàn mi wà gan-an nìyí. Ní Ìbàdàn, yálà ẹ̀ẹ̀rùn ni tàbí òjò, nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje ni oòrùn ń wọ̀. Ní Manchester, bí ó bá máa fi di àárín Oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Alẹ́ yín ti gùn, ẹ ò sì lè lé e padà. Nílé, kí ni wọ́n ń fi irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe? Àlọ́ ni. Àwọn àgbà ò tilẹ̀ gbà kí ọmọ pàlọ́ lọ́sàn-án, wọ́n ní kí ilẹ̀ ṣú ná. Níbí yìí, ilẹ̀ ti ṣú kí ọmọ tó jẹun alẹ́, ojú oorun ò sì tíì kùn ún. Kò sí ìgbà tó tún dáa ju ìyẹn lọ.

Bí mo ṣe ń ní kí àwọn ìyá ṣe é nìyí. Wọ́n á jẹun, wọ́n á wẹ̀. Bí ẹ bá ti nu omi ara wọn tán tí ara ò tíì gbẹ dáadáa, ẹ fi òrí pa wọ́n, torí híítà ilé ń gbẹ awọ ara ọmọ bí ọyẹ́ ṣe ń gbẹ ẹ́. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ò fẹ́ kí ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ti lo ìyẹn tán kí alẹ́ tó lẹ́. Ẹ pa iná ńlá, kí ẹ tan kékeré. Ẹ jókòó sílẹ̀.

Àlọ́ àpamọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ ọdún méjì ò lè gbọ́ ìtàn gígùn. Ẹ di ẹyọ ẹ̀wà funfun olójú dúdú kan mọ́wọ́, kí ẹ wá pa á: “Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò.” Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ la ọwọ́ yín lábẹ́ iná kékeré yẹn, kí wọ́n fojú ara wọn rí tìróò lójú ẹ̀wà. Àbúrò ò ní mọ ìtumọ̀ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n “tindí tindí” yẹn nìkan á mú un rẹ́rìn-ín títí. (Ẹ gba ẹ̀wà náà padà. Ọmọ ọdún méjì lè tì í bọ imú.) Lọ́jọ́ kejì, ẹ pa ti awẹ́ obì kan tí a jẹ dé Ọ̀yọ́, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ahọ́n síta dáhùn. Ẹ wá fi àlọ́ Ìjàpá kúkurú kan tó ní orin parí rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ tún un pa lọ́la, ẹ tún un pa. Bí ọmọ bá gbọ́ ìtàn kan náà fún ọ̀sẹ̀ kan, á di pé òun fúnra rẹ̀ ló ń gbe orin.

Ìyá àgbà náà lè bá wọn pa á lórí fóònù. Ibi tí ọ̀rọ̀ aago ti wọlé nìyẹn. Ní aago méjì òru Sunday tó gbẹ̀yìn Oṣù Kẹwàá ni Bìrìtìkó máa ń dá aago padà sí aago kan. Nàìjíríà kì í yí tirẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti yí aago síwájú lópin Oṣù Kẹta, aago yín àti ti Ìbàdàn dọ́gba. Láti ọjọ́ náà lọ, Ìbàdàn á fi wákàtí kan ṣáájú yín. Bí màmá bá máa ń sùn ní aago mẹ́sàn-án, ẹ má jẹ́ kí aago méje kọjá kí ẹ tó pè wọ́n. Ní ti àwọn ọmọ, ẹni tó máa ń jí ní mẹ́fà á bẹ̀rẹ̀ sí jí ní márùn-ún. Láti ọjọ́ Wednesday ọ̀sẹ̀ náà, ẹ máa fi ìṣẹ́jú 15 sún oorun wọn síwájú lálaalẹ́, kí wọ́n máa pẹ́ sí i kí wọ́n tó sùn. Bí ó bá di Sunday, wọ́n ti bá a mu.

Fítámì D kò gba àlàyé púpọ̀: oòrùn ìgbà yìí ò lágbára tó láti mú ara ṣe é, awọ dúdú sì nílò oòrùn ju awọ funfun lọ. Ìjọba níbí ní kí ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin máa lo 10 microgram lójúmọ́. Ẹ bi health visitor àdúgbò yín bóyá Healthy Start, ètò ìrànwọ́ ìjọba fún ìdílé tí owó wọn ò pọ̀, kàn yín, ọ̀fẹ́ ni ti àwọn tó bá kàn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára flu ti ọmọdé kì í ṣe abẹ́rẹ́ rárá, fífín ni wọ́n ń fín in símú. GP, dókítà ìdílé yín, ló máa pe àbúrò, ilé-ìwé ni wọ́n ti máa fún ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà buwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Kí àwọn Mùsùlùmí tó ń ka èyí mọ̀ pé gelatin ara ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú èyí tí wọ́n ń fín símú. Bí ẹ bá béèrè, alábẹ́rẹ́ tí kò ní in wà.

Ọ̀rọ̀ létà ilé-ìwé wá kù. Harvest ò ṣàjèjì sí yín, Ìkórè ni. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń kó iṣu, ìrèké àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá síwájú pẹpẹ ní ilé. Oúnjẹ inú agolo ni tibí, ibi tí wọ́n ti ń fún aláìní lóúnjẹ ni wọ́n sì sábà máa ń kó o lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ mú agolo náà ní ṣọ́ọ̀bù, kí ó sì gbé e dé ilé-ìwé fúnra rẹ̀.

Halloween kì í ṣe dandan. Ẹ sọ fún olùkọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ pé ẹ ò ṣe é, kí ẹ béèrè ohun tí ọmọ lè ṣe dípò rẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ṣe àríyá fún ọmọdé lálẹ́ 31 Oṣù Kẹwàá yẹn, ẹ bi tiyín. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń tọrọ súìtì láti ilé dé ilé kanlẹ̀kùn yín, ẹ pa iná ẹnu ọ̀nà. Ohun kan ni mo bẹ̀ yín: ẹ má sọ fún ọmọ ọdún mẹ́rin pé ẹ̀mí burúkú wà lára àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó máa sọ ọ́ ní kíláàsì, ẹ̀rù á sì máa bà á lóru. “Nílé tiwa, a kì í ṣe é” ti tó. Elégédé tó kún ọjà nígbà yẹn, oúnjẹ ni. Èyí kékeré dùn ju ńlá tí wọ́n ń gbẹ́ lójú lọ, ẹ gé e mọ́ iṣu nínú àsáró. Àwọn ọmọ lè fọwọ́ kó kóró inú rẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ di ọ̀bẹ mú. Oṣù Kẹwàá yìí kan náà ni Bìrìtìkó ti ń ṣe Black History Month láti ọdún 1987. Ẹ wọ àdìrẹ fún ọmọ yín, kí ẹ sì bi olùkọ́ bóyá ẹ lè wá pa àlọ́ kan fún kíláàsì náà.

Ní 5 Oṣù Kọkànlá, wọ́n á dáná ńlá, wọ́n á sì yin báńgà tó ń fò sójú ọ̀run, ní ìrántí àwọn tó fẹ́ fi ẹ̀tù fọ́ ilé aṣòfin ní 1605. Ìró rẹ̀ máa ń dẹ́rù ba ọmọ ọdún méjì. Lójú fèrèsé ni kí ó ti wò ó. Sparkler, igi iná tí wọ́n ń dì mọ́wọ́, lè gbóná tó 2,000°C, kò sì yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Kò kan èyíkéyìí nínú àwọn ọmọ yín lọ́dún yìí. Bí iná bá jó ọmọ, ẹ bọ́ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ tó wà nítòsí ibẹ̀, àfi èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀rọ tútù máa ṣàn sí i fún 20 ìṣẹ́jú gbáko, kì í ṣe omi yìnyín. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin tútù tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Ẹ fi rọ́bà clingfilm bò ó, kí ẹ gbé ọmọ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ilé ìwòsàn, A&E; bí ó bá pọ̀, ẹ pe 999.