Kí ni "zaibatsu": orúkọ ilé-iṣẹ́ ni àbí orúkọ ìdílé?

Ẹni tó béèrè ní òun ń rí ọ̀rọ̀ yìí ṣáá nínú ìtàn ilẹ̀ Jàpáànù, pé ṣé ilé-iṣẹ́ kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àbí gbogbo olówó ibẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Àkójọ ilé-iṣẹ́ ńlá tí ìdílé kan ṣoṣo ló ni wọ́n ni wọ́n ń pè ní zaibatsu. Zai ni ọrọ̀. Batsu ni ìjọ àwọn tí wọ́n jọ di agbára mú tí wọn ò jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Batsu yìí náà ló wà nínú gunbatsu, àwọn ọ̀gágun tí wọ́n sọ ìjọba di tiwọn. Ẹ rí i pé kì í ṣe oríkì ni wọ́n fi ń ki wọn.

Mẹ́rin ló gbajúmọ̀ jù: Mitsui, Mitsubishi, Sumitomo àti Yasuda. Bàbà wíwà ló gbé Sumitomo dìde, ọkọ̀ ojú omi ló gbé Mitsubishi, owó ṣíṣẹ́ ló gbé Yasuda. Ti Mitsui ló wù mí láti fi ṣàlàyé.

Ní 1673, Mitsui Takatoshi ṣí ìsọ̀ aṣọ kan sí Edo, ìlú tó di Tokyo. Echigoya ni wọ́n ń pe ìsọ̀ náà. Láyé ìgbà yẹn, àwọn aláṣọ ló ń ru ọjà lọ sílé àwọn ọlọ́lá, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á sì bu èlé sí i nítorí owó á pẹ́ kó tó wọlé. Takatoshi ní tòun kọ́ nìyẹn: ẹ wá sí ìsọ̀, ẹ mú owó lọ́wọ́, kò sí ìdúnàádúrà, iye kan náà ni fún olówó àti mẹ̀kúnnù. Àwọn yòókù ń ta odindi ìgàn. Òun ń gé e níwọ̀n tí oníbàárà bá fẹ́.

Síbẹ̀, ọjà títà nìkan kì í sọni di zaibatsu. Takatoshi kú ní 1694, àwọn ọmọ rẹ̀ ò pín òwò náà túká. Ní 1710 wọ́n dá Omotokata sílẹ̀, àpò kan ṣoṣo tó wà fún gbogbo ilé. Ìdílé kọ̀ọ̀kan mọ ìpín tirẹ̀ nínú èrè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè di tirẹ̀ kó máa gbé e lọ. Kò sí ìdí-igi, kò sí orí-ò-jorí. Ibẹ̀ gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tó di 1909, àpò yẹn ti di ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí àwọn Mitsui nìkan ni, òun ló sì ni báńkì, ibùdó ìwa-èédú àti òwò òkè òkun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ má rò pé ọmọ ilé ló máa ń darí rẹ̀ o. Dan Takuma, ẹnjiníà ìwakùsà tí kì í ṣe ọmọ Mitsui, ló wà lórí àlééfà nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní oṣù Kẹta 1932. Ebi ń pa àwọn àgbẹ̀ nígbà náà, àwọn tó pa á sì ka àwọn olówó ńlá sí ọ̀tá ìlú.

Lẹ́yìn tí Jàpáànù ṣubú lógun ní 1945, àwọn Amẹ́ríkà tú àwọn zaibatsu ká, wọ́n gba ìpín-ìdókòwò lọ́wọ́ àwọn ìdílé, wọ́n sì tà á fáráàlú. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ Mitsubishi lónìí ṣì ń bára wọn ṣe, àmọ́ kò sí ìdílé kankan lókè wọn mọ́. Keiretsu ni wọ́n ń pe irú ìyẹn.

Tí ẹ bá sì rí pẹ́ńsùlù tí àmì Mitsubishi wà lára rẹ̀, ẹ má kà á mọ́ wọn. Mitsubishi Pencil ò bá wọn tan rárá, láti 1903 ló ti forúkọ àmì náà sílẹ̀.